Títọpa ‘ogun’ nínú ìwé ìrántí ológun Bọ́mà kan: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ṣágámù

Ìwé tí a ṣiṣẹ́ lé lórí jẹ́ ìrántí ọmọ Rẹmọ kan tó bá àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Hítílà. Taipuráítà ló fi tẹ̀ ẹ́, kò sì tíì di ìwé tí à ń tà. Ẹbí rẹ̀ ní kí a má dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí dá lé: ‘ogun’. A fẹ́ mọ gbogbo ibi tó ti lò ó, ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ìlò náà ń yí padà bí ìtàn ṣe ń lọ láti ilé dé Bọ́mà, títí tó fi padà dé Rẹmọ.

Ohun tó mú un le ni pé kò sí àmì ohùn kankan lórí ìwé náà. ‘Ogun’ tí ẹ bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ ogun tí à ń jà, ogún tí a jẹ lọ́wọ́ baba, ogún tí í ṣe iye, Ògún òrìṣà, tàbí Ògùn tí í ṣe odò. ‘Oogun’ lè jẹ́ oògùn, ó lè jẹ́ òógùn, bẹ́ẹ̀ ìwé Bọ́mà ni, ibi tí àwọn méjèèjì ti pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ tí à ń wá tún máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn: jagun, ṣẹ́gun, gbógun tì. Ẹni tó bá tẹ ‘ogun’ lásán sínú kọ̀ǹpútà yóò kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìpele 1: Ìwé fúnra rẹ̀

Fúlúskáàpù ni, 8 × 13 íǹṣì, apá kan jẹ́ ojúlówó, apá kan jẹ́ ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù. Àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ni a fi báírò kọ sí àwọn ojú-ìwé àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, kò sí i mọ́.

Pín-ìn-nì tó ti dípẹtà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ má fà á láti iwájú, ìwé yóò ya. Ẹ dojú ìwé délẹ̀, ẹ ki ọ̀rá líle pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ pín-ìn-nì, kí ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú gbé ẹsẹ̀ méjèèjì dìde, kí ẹ tó wá fa orí rẹ̀ jáde. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn ìwé, torí báírò á hàn sí ojú kejì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò bí wọ́n ṣe tò ó, torí àwọn ojú-ìwé kan ní nọ́ńbà méjì, òmíràn kò ní rárá.

Ìpele 2: Yíya àwòrán

Ẹ̀rọ sìkánà tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé fọ́tòkọ́pì, ìwọ̀n A4 ni. Gíláàsì rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 11.7 lọ ní gígùn, nígbà tí fúlúskáàpù jẹ́ 13. Íǹṣì 1.3 yóò wà níta. Ìlà mẹ́fà ni taipuráítà máa ń tẹ̀ sínú íǹṣì kan bí a kò bá fo ìlà, nítorí náà bí ìlà méje tàbí mẹ́jọ ló lè sọnù ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fo ìlà, ó tó mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣọ́ ìwé lò kì í fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, inú ìlà wọ̀nyẹn ni gbólóhùn sì máa ń parí sí. Bí ẹ bá fẹ́ lo sìkánà A4, ojú-ìwé kan á di àwòrán méjì tó wọnú ara wọn díẹ̀, owó á sì di méjì. Ẹ bá wọn dúnàádúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Fóònù rọrùn jù. Kámẹ́rà tó ń ya 4000 × 3000 pixel yóò fún yín ní nǹkan bí 300 pixel sí íǹṣì kan bí ìwé bá kún àwòrán láti òkè dé ilẹ̀ (4000 ÷ 13). Ìwọ̀n tó tọ́ fún kíkà nìyẹn. Bí ìwé bá gba ìdajì àwòrán péré, 150 ló kù, ‘o’ àti ‘e’ á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra wọn.

Ẹ fi pákó gbé fóònù ró kí ó dojú kọlẹ̀ gbọọrọ. Ẹ fi gíláàsì lásán tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ kí ó lè pẹlẹbẹ. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí dígírì 45, kí gíláàsì má baà kọ mànà. Bí kò bá sí iná, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ní fàráńdà tó, bí oòrùn kò bá ti bọ́ sórí ìwé gan-an. Ẹ pa iná fóònù fúnra rẹ̀.

Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ń fẹ́ ju 300 lọ. Àárín ‘a’, ‘e’ àti ‘o’ ti dí fún tàdáwà, ìyàtọ̀ ‘jagun’ àti ‘jogun’ (jogún, tí í ṣe jẹ ogún) sì wà lọ́wọ́ lẹ́tà kan náà. Ẹ ya ìdajì ojú-ìwé lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sún fóònù mọ́ ọn.

Ìpele 3: Láti àwòrán sí ọ̀rọ̀

Tesseract, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán ìwé di ọ̀rọ̀, ni a lò, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní fáìlì èdè Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yor. Àṣẹ tó bá ojú-ìwé taipuráítà mu ni:

tesseract oju012.tif oju012 -l yor+eng --psm 6

Iye 6 yìí ń sọ fún un pé gbogbo ojú-ìwé jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dì pọ̀, kí ó má wá ọ̀pá méjì (bí ti ìwé ìròyìn) kiri. A fi eng kún un torí orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ipò wọn wà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tó ti kùnà nìyí. Àmì báírò ìsàlẹ̀ lẹ́tà máa ń di kọ́mà. Yor lè fi àmì ohùn sí ibi tí òǹkọ̀wé kò fi sí, èyí sì léwu ju àṣìkọ lọ, torí ẹni tó bá kà á yóò rò pé òǹkọ̀wé ló sọ pé ogún ni. Ìdí nìyí tí a fi pinnu pé àmì ohùn kankan tí Tesseract bá mú wá kò ní í jẹ́ ẹ̀rí. A ó bọ́ gbogbo wọn kúrò ní ìpele 6. Ìṣòro kẹta ni àyè àárín ọ̀rọ̀. Ìwé Bọ́mà kún fún òkè, ‘o gun oke’ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá lẹ ‘o’ mọ́ ‘gun’, gígun òkè ti di ogun nìyẹn.

Àtúnṣe kan ṣoṣo ló wà fún èyí: ẹni kan á máa ka àwòrán sókè, ẹni kejì á máa tọ́ ọ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣe méjèèjì, ojú á máa rí ohun tí ọkàn ń retí. Ìlà orí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá ìlà orí ìwé mu, ìlà fún ìlà, kí nọ́ńbà ojú-ìwé àti ìlà lè tọ́ka sí ibi tó tọ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ‘nwon’, ‘aiye’ tàbí ‘enia’, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ ṣáájú 1974 ni, kì í ṣe àṣìṣe. Bí ó bá kọ ‘ule’ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé, ẹ má sọ ọ́ di ‘ile’.

Ìpele 4: Àmì tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀

Lẹ́tà kan náà lè wọ kọ̀ǹpútà lọ́nà púpọ̀. ‘ú’ lè jẹ́ kóòdù kan (U+00FA), ó lè jẹ́ ‘u’ àti àmì òkè tí a lẹ̀ mọ́ ọn (U+0301). Lójú, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ sọ gbogbo fáìlì di NFC (ìlànà tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ di kóòdù kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe) kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Èyí kò ní í yanjú ọ̀rọ̀ àmì ìsàlẹ̀ onílà tóóró (U+0329), tí àwọn kan ń lò dípò tó-tó (U+0323): ẹ fi ọwọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn NFC pàápàá, ‘ẹ́’ ṣì jẹ́ kóòdù méjì, torí kò sí kóòdù ẹyọ kan fún un. Ohun tí èyí ń fà rèé: ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kò ka àmì òkè mọ́ lẹ́tà, nítorí náà ‘ṣẹ́gun’ yóò já sí méjì, ‘ṣẹ’ àti ‘gun’. Bí ẹ bá ń lo AntConc (ètò tó ń wá ọ̀rọ̀ jáde nínú ìwé, ọ̀fẹ́ ni òun náà), ẹ wá ibi tí a ti ń sọ fún un ohun tí í ṣe ọ̀rọ̀, kí ẹ fi Mark (àmì) kún Letter (lẹ́tà). Ẹni tí kò bá ṣe é, gbogbo ‘ṣẹ́gun’ tí Tesseract fi àmì sí ni yóò sọnù fún un láìmọ̀.

Ìpele 5: Ojú-ìwé ìdánwò

A kì í kọ́kọ́ gbé irinṣẹ́ sórí ìwé gidi. A kọ ìlà mẹ́fà fúnra wa, tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, tí a sì fi gbogbo ìdẹkùn sí:

1. Ni ojo Isegun a gun oke lati owuro, oogun si bo wa lara.
2. Ogun wa ni iwaju, ogun wa ni ehin, afara kan ni o wa li arin.
3. Dokita fun wa li oogun iba. Ogun ninu wa ko le dide.
4. Alagbede kan ninu wa fi Ogun bura pe ona na jin, o gun, sugbon ki a ma jagun lo.
5. Iya mi ni Ijagun ko mo bi awon omo ogun ti nsun.
6. Nigbati a segun, nwon ko pin ogun kankan fun wa.

Ẹ wá ‘ogun’ lásán, ẹ̀rọ á mú mẹ́jọ wá, torí ó ka ‘oogun’ méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ ní kí ó wá a gẹ́gẹ́ bí odidi ọ̀rọ̀, á kù mẹ́fà. Mẹ́fà náà ńkọ́? Ìlà 2 ní méjì tí í ṣe ogun, ìlà 5 ní ọ̀kan. Ti ìlà 3 jẹ́ ogún ènìyàn, ti ìlà 4 jẹ́ Ògún alágbẹ̀dẹ, ti ìlà 6 jẹ́ ogún tí à ń pín. Mẹ́ta péré ló tọ́. Jagun ìlà 4 àti ṣẹ́gun ìlà 6 kò sì sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ogun wà nínú wọn: ja ogun, ṣẹ́ ogun. Ìdáhùn tòótọ́ ni márùn-ún.

Ìlà 5 tún ní ìdẹkùn tiwa-n-tiwa. Ìjagun ni ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí Yunifásítì Tai Solarin wà. Ẹni tó bá wá ‘jagun’ á kó o mọ́ ọn.

Bí ọ̀nà tí ẹ ń lò kò bá mú márùn-ún jáde lórí ìlà mẹ́fà yìí, ẹ má gbé e lọ sórí ìwé.

Ìpele 6: Ṣíṣa gbogbo ‘gun’

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni kí a bọ́ àmì kúrò lára ẹ̀dà kan, kí a ṣa gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní ‘gun’ nínú, kí ènìyàn wá dájọ́. Ẹ̀dà tó ní àmì wà lọ́tọ̀, a kò fọwọ́ kàn án. Ètò Python tó ń ṣe é nìyí:

import unicodedata
t = open("iwe.txt", encoding="utf-8").read()
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
t = t.replace("õ", "oo").replace("Õ", "Oo")
t = unicodedata.normalize("NFD", t)
t = "".join(c for c in t if unicodedata.category(c) != "Mn")
open("igboro.txt", "w", encoding="utf-8").write(t)

Ìlà kẹrin ṣe pàtàkì gidigidi. Àkọtọ́ àtijọ́ máa ń fi àmì bí ìgbì sórí fáwẹ̀lì tó bá gùn: ‘õgun’ dípò ‘oogun’. Bí ẹ bá bọ́ àmì náà láìkọ́kọ́ sọ ọ́ di ‘oo’, gbogbo oògùn ibà inú ìwé ló máa di ogun. Ní Bọ́mà, wọ́n ń gbé mepacrine, oògùn ibà aláwọ̀ ìyeyè, mì déédéé. Ẹ rò ó wò bí iye yóò ṣe wú tó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó gé sí òpin ìlà, ‘ja-’ lókè, ‘gun’ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kàn so wọ́n pọ̀, nọ́ńbà ìlà á dàrú. Ẹ gbé ìdajì ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìlà náà ṣì wà:

perl -0777 -pe 's/([A-Za-z]+)-\n([a-z]+) ?/$1$2\n/g' igboro.txt > igboro2.txt

Kò ní í ba ‘Ijebu-Ode’ jẹ́ torí lẹ́tà ńlá ló tẹ̀lé àmì ìsopọ̀.

Ìgbà yìí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lè ka orúkọ wọn:

tr 'A-Z' 'a-z' < igboro2.txt | grep -oE '[a-z]*gun[a-z]*' | sort | uniq -c

Lórí ojú-ìwé ìdánwò, ohun tó yẹ kí ẹ rí ni: gun 2, ijagun 1, isegun 1, jagun 1, ogun 6, oogun 2, segun 1. Mẹ́rìnlá lápapọ̀. Lórí ìwé gidi, àkójọ á gùn: egungun, ategun, olusegun, balogun, ologun, ogunlogo, sogun, logun, jogun, gbogun, àti orúkọ ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ogun-, tí wọn kì í tán ní Rẹmọ àti Ìjẹ̀bú. Ẹ fa igi kọjá lára èyí tó dájú pé kì í ṣe tiwa. Ohun tó bá ku ni ẹ ó wá jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lápá òsì àti mẹ́jọ lápá ọ̀tún.

Ìpele 7: Ìdájọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ènìyàn méjì ń dájọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìrí ti ara wọn. Ibi tí wọn kò bá ti fohùn ṣọ̀kan, a gbé e lọ bá àgbàlagbà kan tí Rẹmọ jẹ́ èdè ẹnu rẹ̀, a ka gbogbo ìpínrọ̀ fún un, kì í ṣe ìlà náà nìkan. Bí kò bá tíì yé, àmì ìbéèrè ló máa gbà, a kò sì ní í kà á.

Fún ogun, òsì ni kí ẹ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe wà: ja, sá, lọ sí, gbé. Fún ogún tí í ṣe iye, ọ̀tún ni kí ẹ wò, torí iye yìí máa ń ṣáájú ohun tí à ń kà: ogún ọkùnrin, ogún àpò. Ẹ jẹ́ kí AntConc tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan láti òsì, lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ‘ogun odun’ ń fẹ́ sùúrù. Bí ọdún gidi bá tẹ̀lé e, bí ‘ogun odun 1914’, ogun ni. Bí kò bá sí, ogún ọdún ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

‘Pin ogun’ ń tan ènìyàn jẹ. ‘Nwon pin ogun na si meji’ jẹ́ ọ̀gágun tó pín àwọn ọmọ ogun rẹ̀. ‘Nwon pin ogun na’ tó dúró síbẹ̀, ogún olóògbé ni. Ẹ wo bóyá ‘si’ wà lẹ́yìn rẹ̀.

‘Logun’ ní ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán. ‘Won sa logun’ jẹ́ ní ogun, tiwa ni. ‘Metadinlogun’, ‘mokanlelogun’ jẹ́ iye. ‘Ko je wa logun’ jẹ́ kò jẹ wá lógún, kò kàn wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ó ṣòro jù fún ọ̀dọ́, torí nínú ìwé ológun, ojú ń retí ogun.

‘Isegun’: bí ‘ojo’ bá ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni, bí ‘ise’ bá ṣáájú rẹ̀ tí dókítà tàbí ọsibítù wà nítòsí, ìṣègùn ni, bí kò bá sí èyíkéyìí, ìṣẹ́gun. Níbi tí déètì wà, ẹ fi kàlẹ́ńdà ọdún náà yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù kìíní 1945, tí wọ́n gba ìlú Myohaung ní Bọ́mà, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun inú rẹ̀ bọ́ sí 2, 9, 16, 23 àti 30. Àṣẹ cal 1 1945 á fi hàn yín. Bí òǹkọ̀wé bá ní ‘ojo isegun’ tí déètì rẹ̀ sì jẹ́ 25, ẹ ronú bóyá ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun ló ń wí.

‘Balogun’ yí padà bí ibi ṣe ń yí padà. Ní Bọ́mà, ọ̀gá ológun ló ń pè bẹ́ẹ̀. Nílé, oyè ni: Balógun ìlú, Balógun ìjọ, Balógun Àdínì. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin, ‘balogun’ àti ‘gun’ sì wà nínú ìlà kan náà. Oyè a máa gba kóòdù tirẹ̀, a kì í dà á pọ̀ mọ́ ológun, a kì í sì í sọ ọ́ nù, torí ogun àtijọ́ ni ó ti wá.

‘Ogun’ pẹ̀lú odò tàbí ìpínlẹ̀ yá. 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, kò lè sí nínú ọ̀rọ̀ tó bá sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Lẹ́tà ńlá kò ràn wá lọ́wọ́ fún Ògún òrìṣà, ó ń lò ó bó ṣe wù ú; ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ gbára lé: bọ, búra, bẹ̀.

Ẹ padà wo ìlà 2 ojú-ìwé ìdánwò. ‘Ogun wa ni iwaju.’ Ó lè jẹ́ ogun wà níwájú, àwọn ọ̀tá. Ó lè jẹ́ ogun wa, àwa fúnra wa. Ogun ni méjèèjì, ẹ̀rọ á kà á dáadáa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti dojú kọ ara rẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀lé e nìkan ló ń tú u: ẹni tí ogun wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, tí afárá kan ṣoṣo kù fún, kò ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ìpele 8: Káàdì

Páálí A4 kan gé sí mẹ́rin géérégé, káàdì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 105 × 148 mm. Àádọ́ta páálí á fún yín ní igba káàdì. Ìlò kan, káàdì kan: ojú-ìwé, ìlà, gbólóhùn bó ṣe wà lórí ìwé láìsí àmì, gbólóhùn kan náà pẹ̀lú àmì tí a dájọ́ fún, lẹ́tà àwọn tó dájọ́, àti kóòdù méjì.

Kóòdù kìíní ni ìtumọ̀: ogun tó ní orúkọ (Ogun Ìmàgbọ̀n tí Ìjẹ̀bú bá Gẹ̀ẹ́sì jà, Ogun Hítílà), ìkọlù tàbí àwọn ọ̀tá tó ń bọ̀, ènìyàn (ọmọ ogun, ológun), ìṣe (jagun, ṣẹ́gun, gbógun tì), àfiwé (ogun ayé, ogun ilé), oyè. Kóòdù kejì ni ipò ọ̀rọ̀ náà nínú gbólóhùn: olùwà, àbọ̀, ibi, ìgbà. Ìtumọ̀ nìkan kò tó. Kóòdù kejì ló wá sanwó iṣẹ́ yìí.

Ìpele 9: Kíkà wọ́n pọ̀

Orí gígùn àti orí kúkúrú kò dọ́gba, nítorí náà ẹ má fi iye lásán wé ara wọn. Iye ìlò ní ìlọ́po 1000, kí ẹ pín in pẹ̀lú iye ọ̀rọ̀ inú orí náà (wc -w ń kà á). Ojú-ìwé ìdánwò ní ọ̀rọ̀ 81 àti ìlò 5, ìṣirò rẹ̀ á fún yín ní nǹkan bí 62, èyí tó fi hàn pé ìṣirò yìí kò wúlò fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Orí tí kò bá tó ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, ẹ dà á pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀lé e.

Nígbà tí a tò káàdì sílẹ̀ ní orí-orí, ohun tó hàn kò jọ ohun tí a retí. Ní àwọn orí àkọ́kọ́, nígbà tó ń tún ìtàn tí àwọn àgbà sọ fún un nípa Ìmàgbọ̀n ní 1892 sọ, olùwà ni ogun. Ogun dé, ogun wọlé, ogun kó wọn. Òun ló ń ṣe nǹkan, ènìyàn ló ń sá. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun, ogun di ibi: lọ sógun, ojú ogun, ti ogun bọ̀. Nígbà tó padà wálé, ó di ìgbà: ṣáájú ogun, lẹ́yìn ogun, ọjà kí ogun tó dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ti kúrò ní alágbára tó ń kó ìlú, ó ti di ohun tí a fi ń ka ọdún.

Ní àárín ìgbà tó wọ iṣẹ́ ológun àti ìgbà tó padà wálé, ní orí tó sọ nípa àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 81 ti ń gba oúnjẹ àti ọta láti inú ọkọ̀ òfuurufú, ‘ogun’ fẹ́rẹ̀ má sí. Yìn, dùbúlẹ̀, omi, òkè, ẹrù ló gba ipò rẹ̀. A padà lọ yẹ àwòrán wò bóyá ẹ̀rọ ló fo ọ̀rọ̀ kan, torí ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ fura sí nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá dínkù lójijì. Kò fo nǹkan kan. Ẹni tó wà nínú ìjà kò pè é ní ogun. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ló kọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má pa orí tí kò ní káàdì tì. Ẹ fi páálí òfìfo tó ní nọ́ńbà orí sí ipò rẹ̀, kí àlàfo lè hàn.

Ọ̀rọ̀ ‘omo ogun’ náà gba àkíyèsí. Àwọn aláàárù tí ń fi orí ru ẹrù bá ẹgbẹ́ yìí lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìbọn. Òǹkọ̀wé máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀: ‘omo ogun ati awon ti nru eru’. Ibì kan wà tó kọ ‘awa omo ogun ti nru eru’. Ìlà kan kì í ṣe àṣà, a kò kọ́ ìtumọ̀ kankan lé e. Ó wà lórí káàdì rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè.

Ìpele 10: Ìpamọ́ àti ohun tó kù

Ojúlówó padà sọ́wọ́ ẹbí, nínú páálí tó ní ìdérí, kí ó jìnnà sílẹ̀ nítorí ikán. Àwòrán wà níbi mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò sí ní Ṣágámù. Fáìlì iwe.txt, igboro2.txt àti àkójọ káàdì gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀. Bí ẹ bá tún àṣìkọ kan ṣe nínú iwe.txt, ẹ tún ìpele 6 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

‘Eru’ ló kàn, torí Kaladan kún fún un. Ẹrù, ẹ̀rù, ẹrú, èrú àti eérú ni ẹ ó kọ́kọ́ kó sínú ojú-ìwé ìdánwò tuntun, kí ‘ru’ tó ń ṣáájú ẹrù (ru ẹrù, rẹrù) tún ní ìlà tirẹ̀. Àmì ìgbì orí ‘ẽru’ gbọ́dọ̀ di ‘ee’ ní ìlà kẹrin ètò náà kí ẹ tó bọ́ ohunkóhun.